Ọmọlójú, Ìpéǹpéjú àti Wínníwínní: Èdè-Ìperí fún Yíya Àwòrán Eré Orí Ìtàgé Nínú Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Tó

Àmì ohùn ni ó ya awòran kúrò lára àwòrán. Awòran ni ẹni tí ó jókòó wo ìran. Àwòrán ni ohun tí ó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí ìran bá ti kọjá lọ. Ẹni tí ó gbé kámẹ́rà dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìtàgé ní alẹ́ eré ń ṣiṣẹ́ láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Awòran ni òun náà, ṣùgbọ́n wíwò nìkan kọ́ ni wọ́n rán an wá ṣe. Nígbà tí iná ìtàgé bá kú, tí àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ tán, tí wọ́n sì gba ilé lọ, ohun tí ó wà nínú kámẹ́rà rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí tí ó kù.

Iṣẹ́ náà kò rọrùn. Eré orí ìtàgé kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í sì í tó. Ẹni tí ó ń ya fọ́tò ìgbéyàwó lè bẹ ọkọ àti ìyàwó pé kí wọ́n tún òrùka fi sọ́wọ́. Ẹni tí ó ń ya oníjó bàtá kò lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó tún fò. Àṣìṣe tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí ó lè ṣe ayàwòrán láǹfààní ni pé kí ó mọ orúkọ àṣìṣe náà, kí ó má baà tún un ṣe ní alẹ́ ọjọ́ kejì. Orúkọ yìí gan-an ni kò tíì fìdí múlẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ṣọ́ọ̀bù ayafọ́tò ní ilẹ̀ Yorùbá, Yorùbá ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́. Àwọn ohun èlò ní orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀: kámẹ́rà, fíìmù, lẹ́ǹsì, bátìrì. Kò sí ìdí tí onímọ̀ èdè kankan yóò fi máa bá àwọn ọ̀rọ̀ àyálò wọ̀nyí jà. Wọ́n ti di ọmọ ilé, ẹni tí ó bá sì ń wá bí òun yóò ṣe lé wọn jáde ń fi àkókò ṣòfò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí kò ti sí ohun èlò tí a lè nawọ́ sí. Bí ọmọ-iṣẹ́ bá gbé àwòrán alẹ́ eré dé iwájú ọ̀gá rẹ̀, tí ọ̀gá wò ó, tí ó ní, "Kò hàn dáadáa", kí ni ọmọ-iṣẹ́ náà gbọ́? Ó kéré tán, ohun mẹ́rin ni ó lè mú kí àwòrán má hàn dáadáa, oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀ sí ti èkejì.

Àkọ́kọ́ ni pé ó lè jẹ́ pé lẹ́ǹsì kò fojú sun ẹni tí ó yẹ. Nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ohun kan yóò wà níwájú tàbí lẹ́yìn oníjó tí ó hàn kedere, bí ìlù tí ó wà nílẹ̀ tàbí aṣọ títa ẹ̀yìn ìtàgé, nígbà tí oníjó fúnra rẹ̀ rí bí ohun tí ó wà nínú ìkùukùu. Bàìbàì ni Yorùbá ń pe irú ìríran bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì tó. Ó tún lè jẹ́ pé oníjó náà ni ó yára ju kámẹ́rà lọ. Níbi èyí, aṣọ títa àti ìlù yóò hàn kedere, ojú oníjó pàápàá lè hàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò wọ́ tuurutu bí aró tí aṣọ tútù fi ara kàn. Àwòrán náà fà ni. Ẹ̀kẹta ni pé ọwọ́ ayàwòrán gbọ̀n: gbogbo ohun tí ó wà nínú àwòrán, títí dé òpó ìtàgé tí kò lè rìn, ni yóò wọ́ sí ọ̀nà kan náà. Àwòrán náà gbọ̀n ni, kò fà. Ẹ̀kẹrin ni èyí tí ohun gbogbo wà ní àyè rẹ̀, tí etí ohun gbogbo hàn, ṣùgbọ́n tí ara àwòrán rí hóró-hóró bí gàrí tí a tẹ́ sínú àwo.

Ọmọ-iṣẹ́ tí ó bá gbọ́ "kò hàn" nìkan yóò lọ wá oògùn tí ó mọ̀, ìyẹn ni pé kí ó wá ìmọ́lẹ̀ kún un. Bí àwòrán rẹ̀ bá jẹ́ bàìbàì, ìmọ́lẹ̀ kò wò ó sàn. Bí ó bá fà, tí ó sì ṣí ìpéǹpéjú kámẹ́rà pẹ́ sí i kí ìmọ́lẹ̀ lè pọ̀, ó ti fi epo sí iná. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin wọ̀nyí, bàìbàì, fífà, gbígbọ̀n àti wínníwínní, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ohun tí ó ṣẹ́ kù ni kí a fi ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ sí ipò rẹ̀, kí ìwé àti ṣọ́ọ̀bù sì máa lò wọ́n bákan náà.

Ní ti ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ara ojú ni ó yẹ kí orúkọ ti wá. Lẹ́ǹsì ní ihò kan tí ó lè fẹ̀, tí ó sì lè kéré. Ojú ènìyàn ní irú ihò bẹ́ẹ̀, ọmọlójú ni. Nínú òkùnkùn ni ó ti ń fẹ̀, nínú oòrùn ni ó ti ń sún kì. Kámẹ́rà tún ní aṣọ tàbí irin pẹlẹbẹ kan tí ó ń ṣí fún ìgbà díẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé, tí ó sì ń padé. Ìpéǹpéjú ni èyí. Nígbà tí Yorùbá ń wá orúkọ fún ìdá kékeré tí ó wà nínú wákàtí, ojú ṣíṣẹ́ ni ó yá lò: ìṣẹ́jú ni ìgbà tí ojú fi ṣẹ́, ìṣẹ́jú àáyá sì ni ti àáyá, ẹranko tí ojú rẹ̀ kì í sinmi. Kò sí èdè tí ó tún lè bá ìpéǹpéjú kámẹ́rà mu ju èdè tí ó ti fi ojú ṣíṣẹ́ wọn àkókò lọ.

Ìṣirò tí ó wà níbẹ̀ kò le. Bí ọwọ́ oníjó bàtá bá ń rìn ní ìwọ̀n mítà 5 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ìpéǹpéjú kámẹ́rà sì ṣí fún ìdá kan nínú 60 ìṣẹ́jú àáyá, ọwọ́ náà yóò ti rin sẹ̀ǹtímítà 8 ó lé díẹ̀ kí ìpéǹpéjú tó padé. Ní ìdá kan nínú 125, sẹ̀ǹtímítà 4 ni. Ní ìdá kan nínú 250, sẹ̀ǹtímítà 2. Ní ìdá kan nínú 500, sẹ̀ǹtímítà 1 péré. Sẹ̀ǹtímítà 8 ti tó láti sọ ìka márùn-ún di ẹyọ kan. Ayàwòrán tí ó mọ èyí yóò mọ ìdí tí àwòrán òun fi fà, kò sì ní di ẹ̀bi náà ru lẹ́ǹsì.

Orí ọmọlójú ni orúkọ Yorùbá ti lè ṣe ohun tí àṣà òyìnbó kò ṣe dáadáa. Nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára lẹ́ǹsì a máa da ọmọ-iṣẹ́ láàmú: 1.4, 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ihò ń kéré sí i. Ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ ni ó ń há èyí sórí bí ẹni ń há èèwọ̀ sórí, láìmọ ìdí rẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò sì ju pé ìdá ni nọ́ńbà náà. Èyí tí wọ́n kọ 2 sí, fífẹ̀ ihò rẹ̀ jẹ́ ìdajì ọ̀nà tí ó wà láti lẹ́ǹsì dé ibi tí ìtànṣán tí ó ti òkèèrè wá gbé parapọ̀. Èyí tí wọ́n kọ 16 sí jẹ́ ìdá kan nínú 16 ọ̀nà náà. Bí a bá pe nọ́ńbà yìí ní ìdá ọmọlójú, tí ọ̀gá sì ń sọ fún ọmọ-iṣẹ́ pé, "Lo ìdajì", tàbí, "Lo ìdá mẹ́rin", kò sí ẹni tí ó jẹ ẹ̀kọ yangan rí tí yóò tún béèrè bóyá ìdajì ni ó tóbi jù tàbí ìdá mẹ́rìndínlógún. Ọmọ tí ó ti pín àkàrà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti mọ ìyẹn tipẹ́. Níhìn-ín, èdè-ìperí náà ni ó ń kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́, kì í ṣe pé ó kàn ń sọ ohun tí a ti mọ̀ lórúkọ.

Ó yẹ kí a fi kún un pé ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé kò tẹ̀lé fífẹ̀ ihò lásán, bí kò ṣe fífẹ̀ náà ní ìlọ́po ara rẹ̀. Ìdá 2.8 fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ju ìdá 5.6 lọ, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ tí ó ń gbà wọlé jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí èyí ni lẹ́ǹsì tí ó lè ṣí dé ìdá 2 tàbí 1.4 fi wọ́n tó bí ó ti wọ́n, tí ayàwòrán ìtàgé kì í sì í fẹ́ láìní in.

Ohun kẹta ni agbára ìgbàmọ́lẹ̀, ti fíìmù ní ìgbà tí fíìmù ń jọba, ti awo agbàmọ́lẹ̀ inú kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà lóde òní. Àwọn òyìnbó máa ń ya ọmọlójú, ìpéǹpéjú àti ìgbàmọ́lẹ̀ bí ìlà mẹ́ta tí ó so kọ́ra, onígun mẹ́ta. Onígun mẹ́ta dára nínú ìwé ìṣirò, ṣùgbọ́n Yorùbá ní ohun tí ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ, èyíinì ni ààrò mẹ́ta. Orí ààrò ni ìkòkò gbé jókòó. Bí ọ̀kan bá rì, a gbọ́dọ̀ gbé òmíràn sókè kí ọbẹ̀ má baà dànù. Ẹni tí ó bá dín àkókò ìpéǹpéjú kù kí oníjó má baà fà ti rẹ ààrò kan sílẹ̀. Kí ó fẹ ọmọlójú, tàbí kí ó gbé ìgbàmọ́lẹ̀ sókè. Bí ọmọlójú bá sì ti fẹ̀ dé òpin, ààrò kan ṣoṣo ni ó kù tí ó ṣeé sún. Ní alẹ́ ìtàgé, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán máa ń bá ara wọn.

Ewu kan wà tí ó yẹ kí àwọn olùtumọ̀ ṣọ́ra fún. Òyìnbó ń lo ọ̀rọ̀ kan náà tí ó túmọ̀ sí "yára" fún ohun mẹ́rin: lẹ́ǹsì tí ihò rẹ̀ fẹ̀, fíìmù tí ó tètè gba ìmọ́lẹ̀, ìpéǹpéjú tí ó tètè padé, àti oníjó tí ń sáré lórí ìtàgé. Òyìnbó ti mọ́ ọn lára, kò ṣì wọ́n lọ́nà. Ṣùgbọ́n bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ ní Yorùbá pé "lẹ́ǹsì tó ń yára", kí ni ẹni tí ó ń kà á yóò rò? Yóò rò pé lẹ́ǹsì náà ń sáré. Bí ó bá tún kà nípa "fíìmù tó ń yára", yóò rò pé inú ẹ̀rọ ni ó ti ń yí kíákíá. Nínú iṣẹ́ tí yíyára oníjó jẹ́ ìṣòro àkọ́kọ́, kò yẹ kí a tún fi yíyára pe ohun mẹ́ta mìíràn. Kí yíyára jẹ́ ti oníjó nìkan. Kí lẹ́ǹsì jẹ́ ọlọ́mọlójú ńlá, kí fíìmù jẹ́ èyí tí ó tètè gbàmọ́lẹ̀, kí ìpéǹpéjú sì jẹ́ èyí tí ó ṣẹ́ kíá.

Irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ni ti wínníwínní. Ọ̀rọ̀ tí òyìnbó ń lò fún hóró tí ó ń bo àwòrán kámẹ́rà oníkọ̀ǹpútà túmọ̀ sí ariwo, àwọn kan sì ti ń pè é ní ariwo ní Yorùbá. Wọn kò ṣàìní ìdí. Láti inú iṣẹ́ rédíò àti tẹlifóònù ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí ohun tí ń dí ohùn lọ́wọ́ ti jẹ́ ariwo ní tòótọ́. Bákan náà ni gbígbé ìgbàmọ́lẹ̀ sókè nínú kámẹ́rà òde òní rí: nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, kì í ṣe pé awo agbàmọ́lẹ̀ tún gba ìmọ́lẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ ń gbé èyí tí ó ti gbà ga, bí gbohùngbohùn ti í gbé ohùn sókè pẹ̀lú híhu tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Síbẹ̀, etí ni Yorùbá fi ń gbọ́ ariwo. Ọmọ-iṣẹ́ tí wọ́n bá sọ fún pé àwòrán rẹ̀ ń pariwo lè rò pé ìlù gbọ̀ngán náà ni wọ́n ń bá wí.

Wínníwínní sàn jù, nítorí pé ó bá bí nǹkan náà ti ń ṣẹlẹ̀ mu. Ìmọ́lẹ̀ kì í rọ̀ bí omi inú paipu. Ẹyọ ẹyọ ni ó ń dé, bí ẹ̀kán òjò. Bí òjò bá ń ta wínníwínní sórí ilẹ̀ tí a tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sí, òkúta kan yóò gba ẹ̀kán méje, èkejì rẹ̀ yóò gba mẹ́ta, ilẹ̀ yóò sì rí kàlákìní. Bí òjò náà bá wá rọ̀ gidigidi, gbogbo wọn yóò tutù bákan náà. Ojú kékeré kọ̀ọ̀kan tí ó wà lórí awo agbàmọ́lẹ̀ dà bí òkúta kan. Bí ó bá gba ẹyọ ìmọ́lẹ̀ 100, ìyàtọ̀ tí ó lè wà láàárín rẹ̀ àti aládùúgbò rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 10, ìyẹn ìdá kan nínú 10. Bí ó bá gba 10,000, ìyàtọ̀ náà yóò jẹ́ nǹkan bí 100, ìdá kan nínú 100 péré. Ìdí nìyí tí òjìji àwòrán fi máa ń ní hóró ju ibi tí iná tàn sí lọ. Òdá ìmọ́lẹ̀ ni ó ń fa wínníwínní ju ohunkóhun lọ. Nọ́ńbà ìgbàmọ́lẹ̀ tí a gbé sókè kàn ń tú u fó ni, ẹni tí ó bá sì ń bẹ̀rù nọ́ńbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ kí oníjó fà ti fi àìsàn kékeré gba ńlá. Àwòrán tí ó ní wínníwínní ṣì ṣeé wò. Èyí tí ó fà ní ibi tí kò yẹ kò ṣeé tún ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò wá pé ẹ̀rọ nìkan ni. Oníjó tí ó bá fò ní ìdajì mítà sókè yóò wà lójú òfuurufú fún nǹkan bí ìdá 64 nínú 100 ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú àkókò yìí, ìdajì rẹ̀ ni yóò lò ní ìdá mẹ́rin òkè pátápátá, nítorí pé bí ó ti ń sún mọ́ òpin ni ó ń rọra, tí ó sì dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí kò ṣeé wò kí ó tó máa bọ̀. Ní ibi ìdúró yẹn, ìdá kan nínú 125 tó fún un, ibi tí ìdá kan nínú 500 ìbá ṣòro nítorí òkùnkùn. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò fi ìgbà ṣe ohun tí kò rí ìmọ́lẹ̀ fi ṣe. Báwo ni yóò ṣe mọ̀ ọ́n? Nínú ijó bàtá, ìlù ni yóò sọ fún un. Ìyáàlù a máa pe oníjó kí ó tó gbé ẹsẹ̀. Ayàwòrán tí etí rẹ̀ bá là sí ìlù yóò ti tẹ kámẹ́rà nígbà tí ẹni tí ó ń fi ojú nìkan ṣọ́ ọ yóò ṣì máa gbìyànjú. Ẹ̀kọ́ yìí kò sí nínú ìwé tí ó bá kámẹ́rà wá láti òkèèrè. Ó sì dùn ún wí ní Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó yẹ fún un, ìpè àti ìjẹ́, ti wà lẹ́nu àwọn onílù tipẹ́.

Ní ti iná tí ó ń bù yẹ̀rì láti ara kámẹ́rà, tí ó bá orúkọ mọ̀nàmọ́ná mu, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lórí rẹ̀. Agbára rẹ̀ ń dínkù ní ìlọ́po ọ̀nà: ìmọ́lẹ̀ tí ó dé ara ẹni tí ó wà ní mítà 12 jẹ́ ìdá kan nínú 16 èyí tí ó dé ara ẹni tí ó wà ní mítà 3. Láti àárín àwọn awòran, ẹ̀yìn orí àwọn ará iwájú ni yóò tàn sí. Ó tún ń pa iṣẹ́ ẹni tí ó ṣètò iná ìtàgé. Ojú àlẹ́ tí ó fi iná pupa dá yóò di ọ̀sán gangan. Èyí kò tako àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò. Malick Sidibé ti Bàmákò fi mọ̀nàmọ́ná ya àwọn ọ̀dọ́ tí ń jó ní àríyá alẹ́ ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ rẹ̀ sì di mímọ̀ káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n àárín àwọn tí ń jó ni Sidibé wà, kò sì sí ìtàgé tí iná rẹ̀ fẹ́ kú.

Bí ọ̀nà tí kò ní mọ̀nàmọ́ná ṣe ṣí sílẹ̀ jẹ́ ìtàn tí ó yẹ kí a mẹ́nu kàn. Ní 1924, ilé-iṣẹ́ Ernemann ní Dresden, ní Jámánì, gbé kámẹ́rà Ermanox jáde, tí lẹ́ǹsì rẹ̀ ṣí dé ìdá 2, lẹ́yìn náà dé 1.8. Erich Salomon fi irú rẹ̀ ya àwọn olóṣèlú nínú gbọ̀ngán ìpàdé láìtan iná sí wọn lójú. Ní 1954, Kodak gbé fíìmù Tri-X jáde fún kámẹ́rà kékeré, àwọn ayàwòrán eré sì gbára lé e fún ìgbà pípẹ́. Ní 2007, Nikon D3 jẹ́ kí a lè gbé ìgbàmọ́lẹ̀ dé 6400 láìṣe ìlànà àrà ọ̀tọ̀. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ààrò kan ni ó gùn sí i. Ààrò mẹ́ta náà kò yí padà. Èyí ni ó mú kí èdè-ìperí tí a bá fi bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́ dá lè pẹ́ ju èyí tí a bá fi ìrísí ohun èlò dá lọ. Kámẹ́rà tí kò ní irin pẹlẹbẹ kankan tí ń ṣí tí ń padé ti wà báyìí, síbẹ̀ ó ní àkókò tí ó fi ń wò àti èyí tí kò wò. Ìpéǹpéjú rẹ̀ ṣì wà. Àwọn iná ìtàgé tuntun pàápàá a máa ṣẹ́jú ju bí ojú ènìyàn ti lè mọ̀ lọ, irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀ sì lè ya ìlà dúdú sórí àwòrán nítorí rẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò nílò àlàyé bí wọ́n bá sọ fún un pé iná ni ó ṣẹ́jú.

Àwọn tí kò fara mọ́ irú ìdáwọ́lé yìí ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Àwọn kan ní ọmọlójú jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkẹ́, tí ìyá fi ń pe ọmọ, pé kò yẹ kí a fi pe ihò ẹ̀rọ. Èyí kò lágbára. Yorùbá ní ojú abẹ́rẹ́, ẹnu ọ̀nà àti etí odò, kò sì sí èyí tí ó ba ojú, ẹnu tàbí etí jẹ́. Àwọn mìíràn ní àwọn ayàwòrán ti mọ iṣẹ́ wọn láìsí èdè-ìperí. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n nítòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọ̀pọ̀ eré tí ó ti kọjá ra ìmọ̀ náà. Àtakò tí ó wúwo jù ni pé ọ̀rọ̀ tí yunifásítì bá dá kì í jáde kúrò nínú ìwé. Òtítọ́ wà nínú ìyẹn. Iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí ó jáde ní 1990 lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì, fi ọ̀nà hàn ní ti ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Inú kíláàsì ni àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí ti rí olùlò. Ayafọ́tò kò sí nínú kíláàsì, kò sì sí ẹni tí yóò fi ìdánwò fi dandan mú un. Bí ọ̀rọ̀ kò bá rọrùn lẹ́nu rẹ̀ ní àárín òkùnkùn, nígbà tí ìlù ń dún, yóò jù ú nù, kò sì jẹ̀bi. Nítorí náà, ṣọ́ọ̀bù ni kí a ti kọ́kọ́ dán ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wò, kí ìgbìmọ̀ tó fi ọwọ́ sí i.

Ohun tí ó wà nínú ewu kò kéré. Dúró Ládiípọ̀ gbé Ọba Kò So jáde ní Òṣogbo ní 1963. Wọ́n ṣe é ní Berlin ní 1964, wọ́n sì ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1965. Ládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ń ṣe Ṣàngó. Ó kú ní 1978. Ọ̀rọ̀ eré náà wà nínú ìwé, ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà á. Bí ara rẹ̀ ti ń yí nígbà tí bàtá bá pè é kò sí nínú ìwé. Hubert Ògúnǹdé àti àwọn ẹgbẹ́ alárìnjò tí ó tẹ̀lé e rin ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú gbọ̀ngán tí iná rẹ̀ kò tó nǹkan. Ìwé alàwòrán Atọ́ka, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, gbé àwọn òṣèré wọ̀nyí dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé púpọ̀, ó sì yẹ kí a máa dúpẹ́ fún un. Síbẹ̀, ìran tí a tò fún kámẹ́rà ni ti Atọ́ka, níbi tí òṣèré ti mọ̀ pé kámẹ́rà ni òun dúró fún. Ti alẹ́ eré gan-an, tí ènìyàn kò mọ̀ pé wọ́n ń wo òun láti inú òkùnkùn, ni ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ ijó àti eré tí ó wà lónìí yóò di ti àná bákan náà, ọmọ-iṣẹ́ tí ó sì ń ya wọ́n ni yóò pinnu ohun tí àwọn ọmọ wọn yóò rí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣẹ́ kù tí kò tíì rí orúkọ. Bí ọmọlójú bá fẹ̀ dé òpin, àyè tí ohun gbogbo ti hàn kedere níwájú kámẹ́rà yóò tín-ín-rín. Bí oníjó méjì bá dúró, tí ọ̀kan fi ìgbésẹ̀ kan ṣáájú èkejì, ọ̀kan lè hàn kí èkejì jẹ́ bàìbàì. Wọ́n ti dá a lábàá pé kí àyè yìí jẹ́ "jíjìn ìhàn", ṣùgbọ́n ó tako etí, jíjìn sì lè mú ènìyàn rò pé ohun tí ó jìnnà ni a ń wí. "Ààlà ìhàn" sàn díẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ààlà jẹ́ etí ilẹ̀, kì í ṣe ilẹ̀ náà fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ṣọ́ọ̀bù kan ti wà, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta tàbí ní Kétu, tí ọ̀gá ibẹ̀ ti ń pè é ní orúkọ tí ó dára ju méjèèjì lọ láti ọdún pípẹ́. Bí ó bá wà, kí wọ́n fi í ránṣẹ́.